Ẹ̀rọ Tí Kò Kọ Ẹnikẹ́ni Rí

Ní ilé ìwòsàn ojú tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ wa kò kọ ẹnikẹ́ni rí. Ọ̀gá wa fẹ́ràn láti sọ gbólóhùn yìí fún àwọn àlejò, yóò sì máa wò wọ́n lójú bí ẹni tó ń retí àtẹ́wọ́. Sáfà ni ẹ̀rọ tó ń wí: kọ̀ǹpútà kan tó jókòó sínú yàrá tútù lẹ́yìn ilé ìfọṣọ, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa dáhùn nígbàkígbà tí aláìsàn bá tẹ àdírẹ́sì wa lórí fóònù. Nọ́ńbà ni ó fi ń dáhùn kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e. Igba túmọ̀ sí pé ó dára, mo gbọ́, ohun tí o wá rèé. Irinwó túmọ̀ sí pé àdírẹ́sì tí o mú wá kò pé, kò yé mi, lọ tún un ṣe. Gbogbo àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ló gba èyí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa nìkan ni a ti fòfin de irinwó.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fòfin dè é. Ó ní irinwó kò ní ọ̀wọ̀ nínú. Ó ní a kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò lójú, àgbàlagbà kò sì gbọdọ̀ ti ilé rẹ̀ wá kí ẹ̀rọ máa sọ fún un pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé òun. Nítorí náà ni ó ṣe pàṣẹ pé àdírẹ́sì yòówù tó bá wọlé, ìbáà gé, ìbáà wọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ ló fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, kí ẹ̀rọ wo ohun tó jọ, kí ó sì dá onítọ̀hún lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. Ní oṣooṣù ni ó ń lẹ ìwé kan mọ́ ògiri ẹnu ọ̀nà: Àṣìṣe oṣù yìí, òdo. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ ní Ọ̀gá Gbà-á-bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ orúkọ náà, ó rò pé ìyìn ni, ó sì dúpẹ́.

Èmi kàwé lórí iṣẹ́ yìí. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà mí, wọ́n bi mí léèrè bí ó ṣe yẹ kí sáfà ṣe sí àdírẹ́sì tí kò gún. Mo ní kí ó kọ̀ ọ́, kí ó sọ ìdí tó fi kọ̀, kí ó sì júwe ibi tí ènìyàn yóò gbà; mo ní ẹni tí kò gbọ́, kó ní òun kò gbọ́. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní ìwé ni mo ṣì ń kà, n óò pàdé ènìyàn.

Mo pàdé ènìyàn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni.

Aránṣọ ni Àǹtí. Yàrá iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù wọn: máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kan lẹ́bàá fèrèsé, tábìlì ìgéṣọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, àti àjákù aṣọ nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kì í gbọ́ ìró bàtà ara rẹ̀ bó bá wọlé. Ojú òsì wọn ti kú kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn. Ó jẹ́ irú àìsàn tí omi inú ẹyinjú fi ń le sí i, tí ó ń tẹ iṣan ìríran pa díẹ̀díẹ̀, láìsí ìrora, láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín. Ojú ọ̀tún ló kù, òun náà sì ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà kò figbá kan bọ̀kan nínú fún wọn. Ó ní iṣẹ́ abẹ lè dá a dúró, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti lọ kí iṣẹ́ abẹ tó dé, ó lọ nìyẹn.

Bí a ṣe ń ṣe é ni pé ilé ìwòsàn á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí aláìsàn, àdírẹ́sì kan á wà nínú rẹ̀, aláìsàn á tẹ̀ ẹ́ láti fi hàn pé òun ń bọ̀. Ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Nígbà àkọ́kọ́, Àǹtí tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ dá wọn lóhùn pé: Ẹ ṣeun, ẹ kú àánú ara yín, a dúpẹ́ pé ẹ dá wa lóhùn. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n bẹ àwọn oníbàárà, wọ́n gbààwẹ̀ bí dókítà ṣe ní kí wọ́n gbà á, wọ́n sì lọ. Nọ́ọ̀sì àgbà tó wà ní tábìlì ìgbàlejò wo kọ̀ǹpútà iwájú rẹ̀, ó ní wọn kò dáhùn, ẹlòmíràn ti wà lórí ibùsùn. Àǹtí ní àwọn dáhùn. Nọ́ọ̀sì ní gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà kejì, bákan náà ni, ó kàn jẹ́ pé òjò pa wọ́n bọ̀ wálé.

Ọ̀rọ̀ náà di ti ẹbí. Àbúrò wọn ọkùnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Búọ̀dá, wá jókòó sí pálọ̀, ó ká ẹsẹ̀, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun má bínú, ayé ti yí padà, fóònù ti ju ọjọ́ orí wọn lọ, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ máa bá wọn tẹ̀ ẹ́.

Àǹtí kò gbé ojú kúrò lórí aṣọ tí wọ́n ń tú. "Máṣíìnì tí mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ló rán ọ níwèé," wọ́n ní, "ìka mi ló wá di aláìmọ̀-ọ́n-tẹ̀."

Búọ̀dá rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rí wọn tí wọ́n ń mú fóònù náà bí ẹni mú ẹyin, tí wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì kan tán, tí wọ́n sì ń wo ìka ara wọn. Obìnrin tí kò gé aṣọ aláṣọ bàjẹ́ rí ti ń fura sí ọwọ́ ara rẹ̀. Ojú tó ń lọ jẹ́ iṣẹ́ àìsàn. Ìfura yìí, iṣẹ́ tiwa ni.

Nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ kẹta dé, mo wà lọ́dọ̀ wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí i kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Fóònù kékeré ni, irú èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti pá. Mo kà á. Ilé ìwòsàn kí wọn kú ojúmọ́, ó kí wọn kú ìrọ́jú, ó kí wọn kú ìfaradà, ó kí àwọn ará ilé, ó gbàdúrà pé kí ìmọ́lẹ̀ má ṣe kúrò lójú wọn, ó dárúkọ ara rẹ̀ tán, ó tún fi oyè kún un. Ọ̀gá ló kọ ọ́, mo mọ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìkíni fi máa parí, àyè ti tán nínú àtẹ̀jíṣẹ́, àdírẹ́sì sì gé sí méjì: orí rẹ̀ wà nínú èyí àkọ́kọ́, ìrù rẹ̀ bọ́ sínú èyí tó tẹ̀lé e, ó wà níbẹ̀ ní òun nìkan bí ìrù alángbá tí ilẹ̀kùn gé. Lórí fóònù ńlá bíi ti Ọ̀gá, ìdajì méjèèjì máa ń so ara wọn pọ̀ kí ojú tó rí i. Lórí ti Àǹtí, wọn kì í so. Ìrù yẹn sì ni nọ́ńbà aláìsàn wà nínú rẹ̀.

Mo ní kí wọ́n tẹ orí tó ṣẹ́kù, kí n lè rí ohun tí ẹ̀rọ yóò sọ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ wa gba àdírẹ́sì tí kò ní ìdí, tí kò lórúkọ, tí kò lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni láyé. Ó wò ó, ó rí i pé ó jọ ìdáhùn, ó sì dúpẹ́.

"Ṣé o rí i?" ni Àǹtí wí. "Ó tún dúpẹ́."

Mo padà sí ọ́fíìsì. Mo tẹ àdírẹ́sì náà bó ṣe gé gẹ́lẹ́. Igba, ẹ ṣeun. Mo fi àmì ìdá-ọgọ́rùn-ún mẹ́ta sí ìdí rẹ̀ láìfi nǹkan kan tẹ̀lé wọn, èyí tí kò ní ìtumọ̀ fún ẹ̀rọ kankan lórí ilẹ̀. Igba, ẹ ṣeun. Mo wá kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ọ̀gá wa kò ní làákàyè. Ẹ̀rọ náà gbà á. Lẹ́yìn náà ó ní: Ẹ ṣeun, ẹ kú àánú ara yín, a dúpẹ́ pé ẹ dá wa lóhùn.

Mo mú un tọ Ọ̀gá lọ, mo yọ ti làákàyè kúrò. Ó ń fi aṣọ nu gíláàsì ojú rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ìkíni ló ń gé àdírẹ́sì, pé ẹ̀rọ sì ń bo ibi tó gé mọ́lẹ̀, pé àwọn tó ní fóònù kékeré ń rò pé àwọn ti dáhùn. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní òun kò lè gé ìkíni kúrú, àwọn ìgbìmọ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ní ti ẹ̀rọ, ó ní kí n wo àbájáde: láti ìgbà tí àṣẹ òun ti bẹ̀rẹ̀, ìlà àwọn tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ ti kúrú, àwọn ilé ìwòsàn mìíràn sì ń rán ènìyàn wá kọ́ bí a ṣe ṣe é.

Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ tó yé mi. Ìlà kúrú lóòótọ́. Ẹni tí a bá kọ̀ lẹ́nu ọ̀nà á jà, á pariwo, á tún padà wá. Ẹni tí a bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á lọ sílé, á jókòó, á máa dúró. Nígbà tí ó bá fi mọ̀ pé a kò mọ òun rí, ọjọ́ ti kọjá, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì máa bẹ̀bẹ̀.

"Ọ̀gá," mo ní, "àwọn aláìsàn kò dínkù. A kàn ń dà wọ́n nù ni."

"Ọmọdé ni ọ́," ó ní, ó sì fi gíláàsì rẹ̀ sójú. "Ohùn tútù ní ń yọ obì lápò."

"Obì ti yọ, sà. Ojú ló ń yọ lọ báyìí."

Kò bínú. Kì í bínú. Ìwà pẹ̀lẹ́ ni ó fi ń pa ènìyàn. Ó bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀rọ sọ fún ìyá arúgbó. Mo ní kí ó sọ pé àdírẹ́sì tó dé kò pé, pé a kò tíì kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí wọ́n pe tábìlì ìgbàlejò. Ó ronú sí i. Ó ní bí a bá sọ bẹ́ẹ̀, ó túmọ̀ sí pé àwa la jẹ̀bi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n máa lọ síbi iṣẹ́ mi.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ìtùnú dáadáa ni fún ẹni tó ní ogún ọdún. Ojú Àǹtí kò ní in.

Mo lè fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ wọn wọlé, kí n sì panu mọ́. Mo sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu mọ́, èmi yóò fi wọ́n sí i láti inú. Wọ́n dá máṣíìnì dúró, wọ́n yí gbogbo orí wọn sọ́dọ̀ mi, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń wo ènìyàn báyìí.

"Ṣé èmi nìkan ni mo lójú ni?" wọ́n ní.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí àkókò ìdáhùn yóò parí, ilé ìwòsàn máa ń tún fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tí ẹ̀rọ kò rí orúkọ wọn. Mo dé ọ́fíìsì kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo yọ àṣẹ Ọ̀gá kúrò nínú sáfà. Kò gbà mí ní àkókò. Ìwà òmùgọ̀ kì í pọ̀ ní ìlà bó bá ti di èdè ẹ̀rọ. Mo fi irinwó padà sípò rẹ̀, mo sì kọ ọ̀rọ̀ tí yóò máa tẹ̀lé e: Àdírẹ́sì tó dé ọ̀dọ̀ wa kò pé. A kò tíì kọ orúkọ yín sílẹ̀. Ẹ̀bi yín kọ́. Ẹ pe nọ́ńbà yìí lónìí. Mo kọ nọ́ńbà tábìlì ìgbàlejò sí abẹ́ rẹ̀. N kò kí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí oòrùn fi máa mú, nọ́ọ̀sì àgbà ti dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn wa. Obìnrin tó tóbi ni, tí kì í sáré, ó sì ti sáré. Ó ní kí ni a ṣe sí ẹ̀rọ wa, pé àwọn tí a ní wọn kò fẹ́ iṣẹ́ abẹ mọ́, àwọn ni kò jẹ́ kí fóònù òun sinmi láti àárọ̀, wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n ti ń fẹ́ ẹ láti ọjọ́ yìí. Mo sọ fún un. Ó fi ẹ̀yìn ti òpó ilẹ̀kùn. Ó dárúkọ bàbá kan tí òun fúnra òun lé padà ní ẹnu tábìlì, tí òun pè ní òpùrọ́ lójú ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà síbi tí fóònù ti ń dún.

Àǹtí pè mí ní ọ̀sán.

"Ẹ̀rọ yín kọ̀ mí o."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

"Ó ní orúkọ mi ò sí níbẹ̀."

"Kò sí níbẹ̀ rí, Àǹtí. Nígbà tó ń dúpẹ́ gan-an, kò sí níbẹ̀."

Wọ́n pòṣé kan tó gùn. Mo ní kí wọ́n pe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ kíákíá. Wọ́n ní ṣé mo rò pé àwọn ń dúró de àṣẹ ni. Àwọn ti pè é, nọ́ọ̀sì ti fún àwọn ní Ọjọ́bọ̀. "Mo kàn ní kí n mọ ẹni tó kọ ọ́ pé ẹ̀bi mi kọ́," wọ́n ní. Wọ́n pa fóònù.

Ọ̀gá dé láti ìpàdé kan tí ó ti lọ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ tí kò kọ ẹnikẹ́ni rí. Ó bá ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kún fún ènìyàn: àwọn tí kò lè fi fóònù bá wa sọ̀rọ̀ ti wọkọ̀ wá, wọ́n jókòó sórí ìjókòó, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n fara ti ògiri tó lẹ òdo rẹ̀ mọ́. Ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá pe èmi àti nọ́ọ̀sì àgbà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sọ pẹ̀lú ẹ̀rín pé gbogbo àyè tí a fún ènìyàn lórí fóònù lónìí, òfo ni, nítorí pé ẹ̀rọ kò gbà wọ́n wọlé. Kí a pa wọ́n rẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ pọ̀. Kò tíì kàn mí. Nọ́ọ̀sì àgbà ló kọ́kọ́ fọhùn, ó sì rọra sọ ọ́.

"Etí mi ni mo fi gbọ́ wọn, sà. Bí ẹ̀rọ yín bá mọ ojú ṣí, ẹ jẹ́ kó wá ṣí i. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, àwọn tí mo kọ sílẹ̀ ni dókítà máa bá ní ibùsùn."

Ó jáde. Ọ̀gá yíjú sí mi, ó ní kí n dá ẹ̀rọ padà sí bó ṣe wà. Mo ní n kò ní dá a padà. Ó jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà mi láti ṣe é fúnra rẹ̀, ó wo bọ́tìnnì, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó tún wo bọ́tìnnì. Ó pe ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ìyẹn lójijì. Báyìí ni irinwó ṣe dúró sí ilé ìwòsàn wa: òtítọ́ kọ́ ló borí, ọkùnrin tó fòfin dè é ni kò mọ bí a ṣe ń dè é. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó fún mi ní ìwé pé kí n lọ rọ́kún nílé. Ẹ̀ṣẹ̀ mi, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà níbẹ̀, ni pé mo jẹ́ kí àwọn aláìsàn rí àṣìṣe.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Àǹtí. Nígbà tí wọ́n ṣí ojú wọn lọ́jọ́ kejì, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Dókítà gbé ìka sókè ní iwájú wọn, wọ́n rí i. Ó gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, wọ́n rí i. Ó gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ó sì dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi bi í léèrè pé ìgbà wo ni yóò gbé e. Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní àìsàn náà ti dúró. Ó ní ohun tó kù yóò kù. Nígbà tí mo bi í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bóyá ẹ̀gbẹ́ òsì yẹn ì bá wà ká ní a ṣe é nígbà àkọ́kọ́, ó wo ilẹ̀, ó ní ó ṣeé ṣe.

Ọ̀gá wọlé nígbà tí mo padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó máa ń wá kí àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, ìgbìmọ̀ fẹ́ràn ìyẹn náà. Ó rí mi, ó mi orí. Ó lọ dúró sí apá òsì ibùsùn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wí fún Àǹtí pé inú gbogbo ilé ìwòsàn dùn púpọ̀. Àǹtí ń gbọ́ ohùn, wọn kò rí ẹnì kankan. Wọ́n bi mí léèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Mo ní Ọ̀gá ni, ẹni tó ni ẹ̀rọ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Àǹtí wí, "ẹ bọ́ síwájú díẹ̀. Ibi tí ẹ dúró sí yẹn ti lọ."

Ó bọ́ síwájú. Wọ́n wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n tún wò ó padà láti ẹsẹ̀ dé orí, bí wọ́n ṣe ń wo oníbàárà tí wọ́n fẹ́ wọn aṣọ fún. Ó dúró kí wọ́n wò ó tán.

"Áà," wọ́n ní. "Ẹ mà kéré sí bí mo ṣe rò."